Ọkùnrin Tí Ó Fi Kámẹ́rà Gbèjà Àwọn Ọmọdé

Ọmọbìnrin kékeré kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìrànwú ní ilé-iṣẹ́ òwú kan ní Lancaster, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 1908 ni. Ẹ̀rọ náà gùn lọ síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri. Ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára. Ọkùnrin tí ó ya fọ́tò rẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí abẹ́ rẹ̀: orúkọ ọmọ náà, gíga rẹ̀ tí í ṣe 48 ínṣì, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 4 péré, àti pé ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó fi kún un pé ọ̀kan ṣoṣo ni nínú ọ̀pọ̀ ọmọ kéékèèké tí ń bẹ níbẹ̀.

Lewis Hine ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Wilberforce tí ó bá òwò ẹrú jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ Hine kò pọ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, pàápàá àwa tí Ọlọ́run fi ọmọ sí lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 1900, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ọdún 10 sí 15 tí ń ṣiṣẹ́ lé ní 1,700,000. Àwọn tí kò tó ọmọ ọdún 10 kò sí nínú ìkà yìí rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe pé orílẹ̀-èdè náà tòṣì. Owó ń wọlé fún wọn nígbà náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọmọdé kéré, ọmọdé kì í sábà bá ọ̀gá jiyàn, ìka rẹ̀ tín-ín-rín sì ń wọ ibi tí ọwọ́ àgbà kò lè wọ̀. Àwọn ìdílé tí oko kò mú èrè wá fún mọ́, àwọn opó, àwọn àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù dé, ebi ni ó ń lé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, tàwọn tọmọ wọn.

Hine fúnra rẹ̀ ti jẹ nínú ìyà yìí. Ìlú Oshkosh, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni a bí i sí ní ọdún 1874. Bàbá rẹ̀ kú ní 1892, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì di ẹni tí ń wá oúnjẹ. Ó rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga: wákàtí 13 lóòjọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, dọ́là 4 ni owó ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ọ̀nà là fún un, ó lọ sí yunifásítì, ó sì di olùkọ́ ní New York ní 1901. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ ni kí ó tó di afọ́tò, mo sì rò pé olùkọ́ náà ni ó wà títí dópin.

Ní ọdún 1904 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní National Child Labor Committee, láti fi òpin sí fífi ọmọdé ṣiṣẹ́ àṣelàágùn. Inú wa yóò dùn láti gbọ́ pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Edgar Gardner Murphy, àlùfáà ìjọ Episcopal ní Montgomery, ní Alabama, ti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 1901. Alexander McKelway, pásítọ̀ ìjọ Presbyterian, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà fún ìhà Gúúsù. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilé-iṣẹ́ òwú, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni ó ń fi kún owó oṣù pásítọ̀. Ẹnu jẹ, ojú tì, ni àwọn baba wa wí. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ń wàásù níbẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí oorun ń kùn nítorí iṣẹ́ òru, wọn kò sì béèrè ohun tí ó fa oorun náà.

Ní 1908 ni ẹgbẹ́ yìí gba Hine síṣẹ́. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn àjò káàkiri Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ ojú irin, nínú mọ́tò, àti nígbà mìíràn ní ẹsẹ̀. Kámẹ́rà ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi sí àpò. Àpótí ńlá ni, awo gíláàsì ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ibi tí ó wà bá sì ṣókùnkùn, yóò dáná sun ẹ̀tù kan tí ń bù yẹ̀rì, kí ìmọ́lẹ̀ lè wà. Ariwo àti èéfín rẹ̀ nìkan tó láti pe gbogbo àwọn ọ̀gá jáde.

Báwo ni ó ṣe ń wọlé nígbà náà? Ọgbọ́n ni ó ń dá. Lónìí yóò sọ pé aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni òun, lọ́la yóò ní àwọn ẹ̀rọ ni òun fẹ́ yà. Nígbà mìíràn ó di ẹni tí ń ta pósíkáàdì, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó di ẹni tí ń ta Bíbélì. Bí wọ́n bá gbà á láàyè láti ya ẹ̀rọ, yóò ní kí ọmọ kan dúró tì í kí àwọn ènìyàn lè mọ bí ẹ̀rọ náà ti tóbi tó. Ó ti wọn gíga bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tí ó wà lára kóòtù rẹ̀ láti ilẹ̀. Bí ọmọ bá ti dúró níwájú rẹ̀, ó ti mọ bí ó ti ga tó. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti wákàtí iṣẹ́ sínú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ó wọlé rárá, yóò dúró sí ẹnu géètì ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ń wọlé tàbí tí wọ́n ń jáde.

Mo mọ̀ pé ọkàn àwọn kan yóò kọ́ lórí ọ̀rọ̀ títa Bíbélì yìí. Ó yẹ kí ó kọ́. Ẹni tí ó ń wá òtítọ́ fi irọ́ wọlé, ó sì fi Ìwé Mímọ́ ṣe ẹ̀wù irọ́ náà. N kò lè pe èyí ní ohun tí ó tọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá rántí àwọn agbẹ̀bí Hébérù níwájú Fáráò, àti ohun tí wọ́n dá lóhùn nítorí ẹ̀mí àwọn ọmọ, mo máa ń lọ́ra láti dá Hine lẹ́bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé níbi tí fọ́tò àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, kò gba irọ́ láyè. Kò gbọdọ̀ sí àtúnkùn, kò gbọdọ̀ sí àbùmọ́. Ó mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà yóò pe òun ní òpùrọ́, pé bí wọ́n bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, wọn yóò da gbogbo ìyókù nù.

Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí ó rí. Ní Macon, ní Georgia, ní oṣù kìn-ín-ní 1909, ó ya àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti gun orí ẹ̀rọ kí ọwọ́ wọn tó lè to òwú tí ó já. Ẹ̀rọ náà kò dúró. Ọ̀kan nínú wọn kò wọ bàtà. Ní Biloxi, ní Mississippi, ní 1911, ó rí àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, wọ́n ń bó edé, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ la ìkarahun ẹran inú òkun fún àwọn tí ń dì í sínú agolo. Ìkarahun a máa gé ọwọ́, oje edé a sì máa jẹ ọwọ́ ọmọ bí oró.

Ṣùgbọ́n fọ́tò South Pittston, ní Pennsylvania, ni n kì í lè wò tán kí n tó gbójú kúrò. Oṣù kìn-ín-ní 1911 ni, ní ibi tí wọ́n ti ń ṣa èédú tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin jókòó ní ìlà-ìlà lórí pákó, èédú ń ṣàn lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí omi, wọ́n sì tẹ̀ba láti fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Eruku bò wọ́n títí kan ìpéǹpéjú. Hine kọ ọ́ pé eruku náà a máa pọ̀ débi pé ènìyàn kò ní ríran, pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ náà lọ, àti pé ọkùnrin kan máa ń dúró lé wọn lórí tí ń fi igi tàbí ẹsẹ̀ rán wọn létí iṣẹ́. Ojú àwọn ọmọ náà nínú fọ́tò dúdú, ṣùgbọ́n ọmọ òyìnbó ni gbogbo wọn.

Èyí mú mi dé ibi kan tí àwọn tí ń yin Hine kì í sábà dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ní Gúúsù kì í gba aláwọ̀ dúdú sídìí ẹ̀rọ. Inú oko òwú ni àwọn ọmọ dúdú ti ń ṣiṣẹ́ tiwọn, láti ìgbà tí ọwọ́ wọn bá ti lè já òwú. Wọn kò pọ̀ nínú fọ́tò Hine. Àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ní Gúúsù, àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí mo dárúkọ lókè yìí, ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Pásítọ̀, ṣé iṣẹ́ ni ó wá burú? Ṣé kì í ṣe ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà?” Ìbéèrè rere ni. Àwọn ọlọ́jà ìgbà náà béèrè rẹ̀, àwọn òbí náà béèrè rẹ̀. Hine kò bá iṣẹ́ jà. Ó ya iṣẹ́ tí ń ṣe ọmọ ní àǹfààní sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí ọ̀gá nìkan ń jèrè rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ pọnmi, tí ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ń kọ́ bí a ti ń gbé ilé ayé. Ọmọ tí ó dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí 11 kò kọ́ nǹkan kan ju dídúró ti ẹ̀rọ lọ.

Ẹgbẹ́ náà tẹ àwọn fọ́tò náà sínú ìwé pẹlẹbẹ àti ìwé ìròyìn, wọ́n gbé wọn kọ́ sára ògiri ní ibi ìpàdé, wọ́n fi iná hàn wọ́n lára aṣọ funfun fún àwùjọ. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ iye àwọn ọmọ láìmi orí, ojú wọn ni ó wá rí wàyí. Ní 1912 ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, wọ́n sì fi obìnrin kan, Julia Lathrop, ṣe olórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, 1916, Ààrẹ Wilson fọwọ́ sí Òfin Keating-Owen, tí ó dí ọ̀nà mọ́ ọjà tí ọmọdé ṣe kí ó má lè ti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn.

Ta ni ẹ rò pé ó gbé òfin náà lọ sí ilé-ẹjọ́? Bàbá ni! Roland Dagenhart, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú ní North Carolina, sọ pé òfin náà gba owó iṣẹ́ àwọn ọmọkùnrin òun méjì mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́jà ilé-iṣẹ́ òwú ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1918, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre, adájọ́ 5 sí 4, òfin náà sì wó lulẹ̀. N kò fẹ́ kí a ju bàbá náà lókùúta, nítorí owó tí ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Ní 1923 akọ̀ròyìn kan wá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ. Ó ti di ẹni 20 ọdún, ó ti gbéyàwó, ó sì rù gan-an. Ó sọ pé ì bá sàn fún òun bí wọn kò bá borí ní ilé-ẹjọ́ náà, pé òun ì bá ti kàwé.

Wọ́n gbìyànjú òfin mìíràn ní 1919, ilé-ẹjọ́ tún fagi lé e ní 1922. Ó di 1938 kí Ààrẹ Roosevelt tó fọwọ́ sí òfin tí ó dúró, èyí tí ó fi ọdún 16 ṣe ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àti 18 fún iṣẹ́ eléwu. Ní 1941 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fúnra rẹ̀ yí ìdájọ́ 1918 padà. Síbẹ̀, iṣẹ́ oko kò fi bẹ́ẹ̀ sí lábẹ́ òfin 1938 náà, ẹ sì ti mọ àwọn ọmọ tí ó wà lóko.

Hine rí òfin náà, ṣùgbọ́n kò gbádùn ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wọ́n fún un, ìyàwó rẹ̀ kú ní òpin 1939, ilé rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ lówó. Ó kú ní oṣù kọkànlá 1940. Nígbà tí wọ́n fi àwọn fọ́tò rẹ̀ lọ ilé ìkó-ohun-ọnà-sí ńlá kan ní New York, wọn kò gbà á. Ní 1954 ni ẹgbẹ́ náà fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn, tí ó lé ní 5,000, fún Library of Congress ní Washington, níbi tí wọ́n wà di òní.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó yà ní North Pownal, ní Vermont, ní oṣù kẹjọ 1910. Ọmọbìnrin kan tí ó rù, tí kò wọ bàtà, fi apá ti ẹ̀rọ ìrànwú. Àwọn ọmọ yòókù sọ pé ọmọ ọdún 10 ni, òun ní 12 ni òun. Ó sọ fún Hine pé ìgbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ni òun kọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n òun kò ní padà mọ́. Ní 1998 ìjọba Amẹ́ríkà tẹ fọ́tò rẹ̀ sórí sítáàǹpù sẹ́ǹtì 32. Àwọn tí ó tọpa rẹ̀ lẹ́yìn náà rí i pé ó dàgbà, ó di arúgbó, ó sì kú ní 1993, ọdún márùn-ún kí sítáàǹpù náà tó jáde.