Pípẹ́ Owó Kọ́ Ni Iye Rẹ̀: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tí Ń Ra Owó Bàbà Àtijọ́



Nígbà tí mo ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo rí ẹ̀yáwó kan tí kò wọlé padà. Arákùnrin tí ó yá owó náà ní òun fẹ́ fi ra ọjà. Nígbà tí a bi í léèrè ọjà, agolo mílíìkì kan ni ó gbé jáde, owó bàbà àtijọ́ ni ó kún inú rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé òyìnbó yóò rà á ní ìlọ́po mẹ́wàá. Òyìnbó kò wá. Àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjì ni ó ń san gbèsè náà.

Kíkó owó àtijọ́ jọ kò burú, ó ń kọ́ni ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀fìn wà.

Èkínní, pé owó ti pẹ́ kò ní kí ó ṣọ̀wọ́n. Láti 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ owó onihò fún wa: ónínì àti kọ́bọ̀, kí ẹ́épìnnì tó tẹ̀lé wọn. Ónínì mẹ́wàá ni ó ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Wọ́n rọ wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀pọ̀ sì ṣì wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà. Ohun tí ń mú owó wọ́n ni pé kí irú rẹ̀ kéré, kí ojú rẹ̀ sì mọ́ ketekete.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún ìtàn ọba. Edward Kẹjọ jọba ní 1936, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní December ọdún náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò kó owó tí ó ní orúkọ rẹ̀ jáde fún níná. Ṣùgbọ́n owó onihò tiwa kò ní àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ni, nítorí náà wọ́n rọ tirẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní ó ṣọ̀wọ́n ń tan yín ni. Funfun ni owó náà pẹ̀lú. Ní 1952 ni owó onihò di bàbà pupa. Bí ẹ bá rí pupa tí ó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ẹ fura.

Ẹ̀kẹta ni ayédèrú. Owó tí wọ́n dà sínú àpẹẹrẹ a máa ní ìlà ní etí, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í já gaara. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ojúlówó irú rẹ̀. Òòfà kì í fa bàbà. Kọ́bọ̀ 1991, tí ó jẹ́ irin tí wọ́n fi bàbà bò, ni òòfà ń fà. Síbẹ̀, ayédèrú náà lè jẹ́ bàbà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú họ owó kí ó lè dán. Àwọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń wá. Bí ó bá ti bọ́, iye rẹ̀ ti dínkù. Bí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé bá ń yọ lára rẹ̀, iyọ̀ ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń bẹ ní Èkó, nítorí náà ibi gbígbẹ ni kí ẹ fi í sí.

Ẹ̀karùn-ún ni òfin. Bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n wú nílẹ̀, tàbí ti ayé àwọn baba ńlá wa, ẹ dúró ná. Òfin 1979 lórí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sọ pé aṣojú tí ó ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó lè máa ra irú rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní Mùsíọ́mù Oníkàn.

Ní ìparí, ẹ gba rìsíìtì, kí orúkọ ẹni tí ó tà á wà lórí rẹ̀. Owó tí ẹ lè pàdánù láìsunkún ni kí ẹ fi rà á. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wà fún òwò, ilé, àti owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹ rántí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.