Ayálégbé tó jẹ gbèsè owó ilé: bí onílé ṣe lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìrú òfin

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tó bá ti kọ́lé ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jókòó ti àwọn onílé n'Ìbàdàn, l'Ábẹ́òkúta tàbí l'Ékòó, kì í ṣe iye tí ilé ń mú wọlé ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ, ọ̀rọ̀ ayálégbé tó jẹ wọ́n lówó tí kò sì fẹ́ẹ́ jáde ni. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó fi owó àjẹmọ́nú kọ́ fúláàtì mẹ́rin, ìyá ọlọ́jà tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síwájú ilé, òwò ni gbogbo wọn ń ṣe, bí wọn kò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Gbèsè owó ilé kò sì yàtọ̀ sí gbèsè ọjà. Bó bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni gbígbà rẹ̀ ń le sí i.

Ká wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní onílé kan ní fúláàtì mẹ́rin, tó ń gba 400,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,600,000 náírà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé náà kò bá san kọ́bọ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀, 600,000 náírà ti lọ. Onílé yóò san owó lọ́yà kí ẹni náà tó jáde. Bó bá jáde tán, yóò kun ilé, yóò tún ilẹ̀kùn àti páìpù ṣe, ilé á sì ṣófo fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ẹlòmíràn tó kó wọlé. Ká ní gbogbo èyí jẹ́ 250,000 náírà péré. Ayálégbé kan ṣoṣo ti jẹ́ kí onílé pàdánù 850,000 náírà, èyí tó ju ìdajì owó tí odidi ilé ń mú wọlé lọ́dún kan lọ. Ohun tó sì sọ ọ́ di ńlá bẹ́ẹ̀ ni pé ọdún kan gbáko ni onílé fi ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná", tí kò kọ ìwé kankan.

Àwọn tí kò ní irú sùúrù yìí náà wà. Àwọn ni wọ́n máa ń ká páànù orí ilé, tí wọ́n ń yọ ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń gé wáyà iná, tàbí tí wọ́n ń kó ọmọ ìta wá láti da ẹrù síta. Òfin Ilé Gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí lọ́dún 2011, sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Onílé tó bá fi tipátipá lé ayálégbé jáde, tàbí tó wó ibì kan lára ilé kí ayálégbé lè sá, lè san ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó yóò wá di ẹni tó ń jẹ́jọ́. Àwọn tó ń sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá náà ń ṣe wàhálà lásán ni, nítorí òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gba ọlọ́pàá láyè láti mú èèyàn torí gbèsè tàbí torí pé ó yẹ àdéhùn.

Ìjọba pàápàá kò kọjá òfin yìí. Lọ́dún 1985, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi agbára lé Olóyè Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé tó wà ní ojúlé kọkàndínlọ́gbọ̀n, Queen's Drive, n'Íkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ pé kí wọ́n dá ilé padà fún un, ìjọba kò dá a padà. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé Kóòtù Tó Ga Jù Lọ lọ́dún 1986 pé kí wọ́n bá àwọn dá àṣẹ náà dúró, àwọn adájọ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń rú àṣẹ kóòtù kò lè tún máa tọrọ ojúure lọ́wọ́ kóòtù. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn lọ́yà títí dòní.

Kí wá ni onílé lè ṣe? Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni irú ayálégbé tó ní, bóyá olóṣooṣù ni, olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, olóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, tàbí ọlọ́dọọdún. Bí owó ilé ṣe ń wọlé ló ń fi èyí hàn bí kò bá sí àkọsílẹ̀. Lábẹ́ òfin Èkó ti ọdún 2011, oṣù kan ni ìwé ìkìlọ̀ láti jáde fún olóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, oṣù mẹ́ta kan náà fún olóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́fà sì ni fún ọlọ́dọọdún. Bí ọjọ́ yìí bá pé tí ayálégbé kò jáde, ìwé ọlọ́jọ́ méje ló kàn, èyí tí onílé fi ń sọ fún un pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Ẹ̀yìn ọjọ́ méje yìí ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nílẹ̀ Yorùbá ní òfin tiwọn, ibi tí ilé bá wà ni kí onílé ti béèrè. L'Ékòó náà, àbádòfin tuntun lórí ilé gbígbé dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lọ́dún 2025, nítorí náà ó dára kí lọ́yà yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ìwé tó jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń pàdánù rèé: àwọn oṣù tí a kà yìí wà fún ẹni tí kò bá ayálégbé rẹ̀ ṣe àdéhùn lórí ìkìlọ̀ ni. Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé oṣù kan péré ni ìkìlọ̀, tí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i, ohun tí kóòtù yóò tẹ̀lé nìyẹn. Bí ìwé bá sì sọ pé ọjọ́ báyìí ni ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ báyìí ni yóò parí, kò sí pé wọ́n tún ń fún ayálégbé ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọjọ́ náà bá kọjá. Ìwé ọlọ́jọ́ méje nìkan ló kù. Nítorí ìwé àdéhùn olójú-ewé méjì tí onílé kò san owó fún lọ́yà láti kọ, ó lè fi oṣù mẹ́fà jókòó pẹ̀lú ẹni tí kò san owó. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan á lọ ra fọ́ọ̀mù àdéhùn lójú pópó, wọ́n á kọ orúkọ sí i, wọn kò ní kà á.

Òfin náà tún ran onílé lọ́wọ́ níbi gbèsè. Olóṣooṣù tó bá jẹ owó oṣù mẹ́fà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fòpin sí gbígbé ilé náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí olóṣù mẹ́fà-mẹ́fà tó bá jẹ gbèsè ọdún kan. Kóòtù lè ní kó kó jáde bí onílé bá ti fi ẹ̀rí gbèsè hàn. Ẹ̀rí ni kókó ọ̀rọ̀ o, kì í ṣe ìbúra.

Àwọn ayálégbé kan wà tí wọ́n gbọ́n ju òfin lọ. Wọ́n á jẹ gbèsè, wọ́n á wá lọ gba lọ́yà tí yóò máa sọ ní kóòtù pé ọjọ́ kan dín nínú ìkìlọ̀, tàbí pé orúkọ kò pé. Ẹjọ́ ti máa ń ti ibẹ̀ dà nù, onílé á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2021, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ sọ̀rọ̀ gidi lórí èyí nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Pillars àti Desbordes. Adájọ́ Helen Ogunwumiju sọ pé kò yẹ kí ayálégbé tí kò san owó máa fara pamọ́ sẹ́yìn àṣìṣe inú ìwé ìkìlọ̀, torí pé ìwé ìpẹ̀jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ti tó ìkìlọ̀ fún un. Ìdájọ́ yìí ti tu ọ̀pọ̀ onílé lára. Síbẹ̀, kì í ṣe àyè láti máa kọ ìwé ìkúkùú, nítorí ẹni tó bá kọ ọ́ dáadáa kò ní nílò àríyànjiyàn yìí rárá.

Bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ ayálégbé tún ṣe pàtàkì. Wọ́n lè fún un lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fún àgbàlagbà tó bá ń gbé inú ilé náà, wọ́n sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Bó bá jẹ́ lílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ alábòójútó ilé tàbí éjẹ́ǹtì ló fọwọ́ sí ìwé, kí onílé ti kọ̀wé àṣẹ fún un ṣáájú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston, tí wọ́n fi àbúrò ṣe alábòójútó lórí fóònù lásán, ni èyí máa ń dùn jù. Kóòtù kò mọ ọ̀rọ̀ orí fóònù ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Pańpẹ́ kan tún wà tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìkìlọ̀ ti pé, ayálégbé wá gbé 100,000 náírà wá, ó dọ̀bálẹ̀, onílé gba owó, ó sì kọ "owó ilé" sínú rìsíìtì. Lọ́yà ayálégbé lè sọ pé onílé ti fún un ní ilé náà lákọ̀tun, kí gbogbo ìwé àtẹ̀yìnwá sì di asán. Bí onílé bá fẹ́ gba owó náà, kí rìsíìtì sọ pé gbèsè oṣù báyìí sí oṣù báyìí ni, àti pé ìkìlọ̀ ṣì dúró síbẹ̀. Owó ọjọ́ tí ayálégbé bá lò lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti parí náà kò gbé, onílé lè béèrè rẹ̀ nínú ẹjọ́ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo gbèsè ló yẹ kó dé iwájú adájọ́. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun tí kò san owó ilé. Ẹni àkọ́kọ́ lè jáde láìsí ìjà bí onílé bá fi apá kan gbèsè jì í, kó sì fún un ní ọjọ́ kan pàtó. Àdánù tó wà níbẹ̀ sábà máa ń kéré sí owó ẹjọ́. L'Ékòó, ilé-iṣẹ́ Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa ń pẹ̀tù sí irú aáwọ̀ báyìí láìgba owó. Kí wọ́n rí i pé àdéhùn tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ di kíkọ sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i.

Ayálégbé tó ti kó lọ tó sì fi gbèsè sílẹ̀ ń kọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó dá kóòtù gbèsè kéékèèké sílẹ̀ lọ́dún 2018 fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n là kalẹ̀ pé kí ẹjọ́ parí níbẹ̀, èèyàn sì lè lọ láìmú lọ́yà dání. Ìwé tó fi béèrè gbèsè náà ni onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Onílé pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀. Òfin 2011 yìí sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá gbà á lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àpapa, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà wà lára ibi tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin náà. Ó tún pọn dandan pé kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì. Àwọn kan ń sá fún rìsíìtì nítorí owó orí, ṣùgbọ́n sísá náà kò ní rọrùn mọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó ń gbé ilé lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀, tí kò ju 500,000 náírà lọ, kúrò nínú owó tí wọ́n ń bu orí lé. Ayálégbé yóò fẹ́ ẹ̀rí pé òun san owó. Bó bá sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló gba ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba kí wọ́n tó san ìyókù. Kí onílé béèrè ìwé ẹ̀rí owó náà, torí wọn yóò kà á mọ́ owó orí tirẹ̀.

Ní ti owó tó bá wọlé, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí owó ọdún kan dé lóṣù kìíní, kó sì ti tán kó tó di oṣù kẹta. Bí ilé mẹ́rin bá ń mú 1,600,000 náírà wá, ó yẹ kí nǹkan bíi 200,000 sí 250,000 lọ sí àpò mìíràn ní báńkì fún àtúnṣe, owó ilé tó máa ń dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, àti oṣù tí yàrá bá ṣófo. Onílé tí ebi ń pa kì í lè yan ayálégbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé owó wá ló máa gbà, láìbéèrè ibi tó ti ń kó bọ̀ àti ìdí tó fi kúrò níbẹ̀. Kó tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, kó pe onílé àná, kó mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó gba orúkọ oníduùró, kí òun àti ayálégbé sì jọ wo iye tó wà lórí mítà iná, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.