Ohun Tí Ẹ Fẹ́ Fún Aláìní Lẹ́yìn Ikú Yín, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ ìwé ìhágún, àwọn kan á ní, "Èwo ni ti ikú lówùúrọ̀ yìí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ẹ fara balẹ̀. Wíìlì kì í pa ènìyàn. Bó bá ń pa ènìyàn ni, kì bá tí ku lọ́yà kan láyé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà ní Òkèrèwè níbí, tó fi òwò aṣọ tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú. Ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀yìn ìlú. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé, "Tí mo bá kú, ẹ ta ilé yẹn, kí ìdajì owó rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí." Pásítọ̀ gbọ́, àwọn ọ̀rẹ́ gbọ́, àwọn ọmọ náà gbọ́. Ìyá wá kú. Ṣé àwọn aláìlóbìí á rí nǹkan gbà? Àfi bí àwọn ọmọ bá fẹ́! Lóòótọ́, àwọn baba wa máa ń sọ̀rọ̀ ogún lórí àkéte níwájú àwọn àgbà, àṣà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá dé kóòtù, ta ló gbọ́? Kí ló gbọ́ gan-an? Bí kò bá sí ìwé, ẹbí ni wọ́n máa pín in fún, aláìlóbìí ìta kì í ṣe ẹbí.

Ìyá yìí kan náà ní yàrá méjì nínú agbo-ilé baba rẹ̀. Ṣé ó lè fi ìyẹn tọrẹ? Rárá o. Ilé ẹbí ni, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Òfin ìwé ìhágún tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jogún láti Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ sọ pé ìwé yín kò gbọdọ̀ tako àṣà lórí irú dúkìá bẹ́ẹ̀. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Idehen, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé ará Bìní kò lè fi wíìlì gba ilé tó gbé títí ó fi kú lọ́wọ́ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, nítorí àṣà ti fún un. Ẹ wádìí ohun tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó ṣe ọ̀làwọ́.

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ mọ Wole Soyinka, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì wa níbí. Ní 1986 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú wíìlì lẹ̀bùn yẹn ti wá? Owó òkú ni! Alfred Nobel, ará Sweden tó fi dáínámáìtì lówó, kò gbéyàwó, kò bímọ. Ní oṣù kọkànlá 1895, ó kọ ìwé ìhágún rẹ̀ ní Paris. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò pe lọ́yà. Ó kú ní oṣù kejìlá 1896, owó ẹ̀bùn náà sì lé ní mílíọ̀nù 31 owó Sweden. Háà, wàhálà dé! Ẹgbẹ́ tí owó náà yẹ kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kò tíì sí láyé. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan gbógun tì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ragnar Sohlman, tí Nobel ní kó mú ìwé náà ṣẹ, fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó àwọn ìwé owó náà káàkiri Paris, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko kọjá kí wọ́n tó pín ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní 1901. Lọ́yà kan ṣoṣo ì bá ti dín in kù.

Nítorí náà, ẹ lọ bá lọ́yà. Ẹ má kọ "àwọn aláìní" lásán. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà bó ṣe wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn ní Corporate Affairs Commission. Ẹ yan ẹni méjì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé tí yóò mú un ṣẹ. Ẹ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí tí ẹ há nǹkan fún, tàbí tí ẹ há fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, á pàdánù rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí lẹ fẹ́ fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èmi wá ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ pe aládùúgbò. Ẹ má sì fi ebi pa ọmọ yín nítorí kí wọ́n lè kọ orúkọ yín sára ògiri wa.

Àwọn tó ń múra ìgbéyàwó ńkọ́? Bí ẹ bá ti kọ wíìlì kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ìgbéyàwó yẹn ti pa á rẹ́, ẹ kọ òmíràn.

Ẹ má kó o sábẹ́ ìrọ̀rí o! Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ Probate ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, kí ẹ sì sọ ibi tó wà fún àwọn tí yóò mú un ṣẹ. Àwọn kan ti sin òkú tán, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, wọ́n ti pín gbogbo nǹkan, kí wọ́n tó rí ìwé nínú àpótí ìyá.