Erin kò mọ ààlà ìpínlẹ̀: Ọ̀rọ̀ igbó Omo kan Ògùn, Ọ̀ṣun àti Òǹdó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ mu níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Òǹdó ti pààlà. Níbẹ̀ ni díẹ̀ lára àwọn erin tó ṣẹ́kù nílẹ̀ Yorùbá ń gbé, nínú àwọn igbó ọba tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn: Omo ní Ògùn, Ṣaṣa ní Ọ̀ṣun, àti Oluwa ní Òǹdó. Igbó kan ṣoṣo ni tẹ́lẹ̀. Lónìí, oko kòkó, oko mẹ́línà, abúlé àti títì ti gé e sí wẹ́wẹ́. Ohun tó ń kọ àwọn tó mọ̀ nípa ẹranko igbó lóminú ni pé bí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá jùmọ̀ so ó pọ̀ padà, ó lè jẹ́ inú àlọ́ nìkan ni àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí báyìí yóò ti máa gbọ́ nípa erin ilẹ̀ Yorùbá.

Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn sọ igbó Omo di igbó ọba. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500, èyí tó lé ní 300,000 éékà. Ní 1946, wọ́n ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi ibẹ̀. Ní 1977, àjọ UNESCO fi igbó náà sínú àwọn igbó tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún.

Kí ó tó di ọdún 1976, abẹ́ ìjọba kan ni igbó náà wà, láti ayé ìwọ̀-oòrùn àtijọ́ tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n pín in sí Ògùn, Òǹdó àti Ọ̀yọ́. Ní 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni igbó tó wà lábẹ́ olórí kan di ti olórí mẹ́ta. Orí ìwé ni wọ́n ti fa ààlà náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún erin.

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni igbó ọba wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní kọmíṣọ́nnà tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó tirẹ̀ àti ìwé àṣẹ tó ń fún àwọn onígẹdú. Ohun tó tibẹ̀ jáde kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ń gégi láìgbàṣẹ ní Ògùn, bí ẹ̀ṣọ́ bá lé e, kò ju kó ré kọjá sí Òǹdó lọ. Ọdẹ tí wọ́n kà léèwọ̀ fún ní ìhín lè dẹ̀gbẹ́ ní ọ̀hún. Bí ìpínlẹ̀ kan bá sì tọ́jú apá tirẹ̀ dáadáa, tí èkejì ń la tirẹ̀ ní pákó, iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ di omi tí wọ́n ń rọ sínú agbọ̀n.

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ló gé igbó náà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ro ọ̀pọ̀ igbó dúdú lulẹ̀, ó sì gbin mẹ́línà dípò rẹ̀, pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò fi ṣe bébà ní ilé-iṣẹ́ Ìwópin. Àwọn onígẹdú tẹ̀ lé e, wọ́n la ọ̀nà fún ọkọ̀ agbégi. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn àgbẹ̀ gbà wọlé. Títì márosẹ̀ tó ti Ṣágámù lọ sí Ọ̀rẹ̀ tún gba agbègbè náà kọjá. Ibi tí erin ti ń rìn fàlàlà wá di erékùṣù igbó kéékèèké láàrin oko.

Ẹni tó bá mọ ìṣe erin yóò mọ ìdí tí èyí fi léwu. Àgbà erin kan ń jẹ ewé, èèpo igi àti èso tó lé ní 100 kìlógíráàmù lójúmọ́. Kò lè jókòó sójú kan jẹ ẹ́. Bí èso bá tán níhìn-ín, yóò wá a lọ sọ́hùn-ún. Oyún erin tó oṣù 22, ọmọ kan ṣoṣo ló sì máa ń bí lọ́pọ̀ ìgbà. Abo erin inú igbó dúdú lè lé ní ogún ọdún kó tó bímọ àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ọdẹ bá pa ọ̀kan, kì í ṣe ohun tí ọdún méjì mẹ́ta lè dí.

Ewu kejì ni ti ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ló mọ̀ pé bí òbúkọ kan bá ń gun ìyá, tó ń gun ọmọ àti àbúrò nínú ọgbà kan náà, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí yóò máa rẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún agbo erin kékeré tí wọ́n há sí igbó kan. Bí akọ láti ìhà Oluwa kò bá lè dé ìhà Omo mọ́, agbo méjèèjì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá yìnbọn. Ní 2021, àjọ IUCN tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹranko tó fẹ́ tán láyé fi erin inú igbó dúdú sí ipò tó burú jù lọ kí ẹranko tó pòórá nínú igbó. Ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n pé gbogbo erin tó kù kò tó 400.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni ti erin kan àgbẹ̀? Erin ni ó ń gbé kóró igi ńláńlá káàkiri. Ó ń gbé èso òro mì, ó sì ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ gbìn ín síbi tó jìnnà sí ìyá igi. Òro yìí kan náà ni wọ́n ti ń rí àpọ̀n tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Igbó náà ló sì ń ṣọ́ orísun odò Omo àti àwọn odò mìíràn tó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí, níbi tí àwọn apẹja ti ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ àgbẹ̀ náà kì í ṣe ẹjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbé jù sẹ́yìn. Àwọn kan wà nínú igbó náà tó jẹ́ pé bàbá wọn ló kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀. Ẹni tó fi ọdún márùn-ún tọ́ kòkó dàgbà, tí erin wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóru ọjọ́ kan, kò ní fetí sí ìwàásù nípa ẹranko. Ní 2021, erin jáde sí Itasin-Ìmọ̀bí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú, jìnnìjìnnì sì bo àwọn ará ìlú. Erin kì í ṣàdédé wọ ìlú. Nígbà tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, inú oko àti ẹ̀yìnkùlé ènìyàn ló kù fún un láti gbà.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àjọ NCF àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń fi ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ apá tí erin ń gbé ní Omo. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò orílẹ̀-èdè jáde lórí ààbò erin. Ohun tó kù ni kí àwọn ìpínlẹ̀ fi ọwọ́ kan ṣe é.

Pé ó ṣeé ṣe, ẹ̀rí wà ní ilẹ̀ Éṣíà. Orílẹ̀-èdè Nepal àti Íńdíà pààlà níbi tí igbó Bardia ti Nepal àti igbó Katarniaghat ti Íńdíà ti kọjú síra. Ilẹ̀ tóóró kan tó ń jẹ́ Khata ló wà láàrin wọn. Màlúù ti jẹ ilẹ̀ náà kanlẹ̀, àwọn aṣẹ́gi sì ti ṣá igi rẹ̀. Láti 2001 ni ìjọba Nepal àti àjọ WWF ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti so àwọn igbó agbègbè náà pọ̀. Wọn kò kó ṣọ́jà lọ lé àwọn ará abúlé. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi igbó náà sí ìkáwọ́ àwọn ará abúlé gẹ́gẹ́ bí igbó ìlú, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa jẹ èrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lo gáàsì ìdáná tí wọ́n ń fà lára ìgbẹ́ màlúù, igi tí wọ́n ń ṣẹ́ sì dínkù. Lónìí, erin, àgbáǹréré àti ẹkùn onílà ń gba Khata kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹkùn tó jẹ́ 121 ní gbogbo Nepal ní 2009 ti di 355 ní 2022. Wàhálà kò ṣàìsí, nítorí ẹkùn ti pa ènìyàn lágbègbè náà, ìjọba sì ń san owó ìtanràn fún ẹbí ẹni tí ó bá kàn. Síbẹ̀, ọ̀nà náà ṣì ṣí.

Bí orílẹ̀-èdè méjì bá lè ṣe èyí, kí ló yẹ kó ṣòro fún ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí kò sí ẹni tó nílò ògbifọ̀ láàrin Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Ìkálẹ̀ wọn? Ohun àkọ́kọ́ ni kí àwọn ọdẹ àgbà àti ẹ̀ṣọ́ igbó jọ tọ ipa erin, kí wọ́n mọ ibi tó ṣì ń gbà kọjá ààlà, kí wọ́n sì dá oko tuntun dúró níbẹ̀. Èkejì ni kí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àṣẹ àjùmọ̀ní, kí arúfin má rí ibi sá sí mọ́. Ẹ̀kẹta kan oko kòkó fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé kòkó fẹ́ ibòòji. Bí àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà náà bá fi ìrókò, afárá àti òro sílẹ̀ láàrin kòkó rẹ̀, ọ̀bọ, ẹyẹ àti àdán yóò rí ibi gbà, ilẹ̀ rẹ̀ náà kò sì ní tètè gbó.

Ní ti oko tí erin ń bà jẹ́, ọgbọ́n wà. Ní Kenya, àwọn àgbẹ̀ ń so ilé oyin yí oko ká, nítorí erin ń bẹ̀rù oyin. Àgbẹ̀ sì tún ń rí oyin tà. Níbòmíràn, okùn tí wọ́n rẹ sínú ata àti ọ́ìlì ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ń ta yí oko ká. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rọ́pò owó gbà-má-bínú tó ń tètè dé ọwọ́ ẹni tí erin bá jẹ oko rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ebi ń pa kò lè jẹ́ ọ̀rẹ́ erin.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí Ògùn bá dá a ṣe, igbó yóò parí ní etí ààlà Ògùn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì jọ ṣe é, pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó wà láàrin, ọ̀nà tí àwọn àjànàkú ti ń tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pín ìpínlẹ̀ kò ní parun.