Bí ẹ́ńjìnì mọ́tò bá ń gbọ̀n lórí ìdúró: Bí wọ́n ṣe ń mọ sìlíńdà kan tó ń da iṣẹ́ rú

Ní Kòmu, nílẹ̀ Òkè-Ògùn, mọ́tò tó ń mísì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń kó jáde níbẹ̀ sábà máa ń gba Ìsẹ́yìn kọjá kí wọ́n tó dé Ìbàdàn, láti Ìsẹ́yìn dé Mọ́níyà nìkan sì tó nǹkan bíi kìlómítà 65. Bí ọkọ̀ bá takú sójú ọ̀nà, iṣu lè ní sùúrù díẹ̀, ṣùgbọ́n tòmátì àti ata kò ní dúró de mẹkáníìkì. Ohun tó tún ń dun onímọ́tò ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, owó púlọ́ọ̀gì ti lọ, owó kọ́ìlì ti lọ, owó pọ́ǹpù epo náà ti tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè èwo gan-an nínú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ṣiṣẹ́.

Ọmọ Jámánì kan, Nikolaus Otto, ló ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí yọrí ní ọdún 1876, ìpìlẹ̀ ìlànà rẹ̀ kò sì tíì yí padà. Nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, písítìnì á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á fún wọn pọ̀, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, iná náà á ti písítìnì lọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni èéfín á jáde. Bí ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin bá ń yí nígbà 800 ní ìṣẹ́jú kan lórí ìdúró, iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ nígbà 1,600 nínú rẹ̀, 400 fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ̀ṣẹ́, 1,200 ló kù, àlàfo náà á sì máa padà wá déédéé bí ìrìn ẹni tó ń tiro. Bí awakọ̀ bá tẹ iná, eré á bo àlàfo náà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé mọ́tò àwọn ti dára nígbà tó bá ti bọ́ sí títì, nígbà tí kò sí ohun tó dára níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbọ̀nrìrì ló ti ọwọ́ sìlíńdà kan wá. Bí ẹ́ńjìnì síìtì bá ti já, mọ́tò á máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn ẹ́ńjìnì á ṣe déédéé. Bí omi bá wà nínú epo, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá ti dí fílítà afẹ́fẹ́, gbogbo sìlíńdà ló ń jìyà rẹ̀ pọ̀. Nàìjíríà rí irú èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ ọjà, tí àwọn aláṣẹ sì ní kí wọ́n kó o kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo nígbà náà kàn ń fi owó ṣòfò ni. Àmì sìlíńdà kan tó kú yàtọ̀: bí èèyàn bá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà, láìfi kàn án, atẹ́gùn tó ń jáde á máa já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bákan náà ni láìyẹsẹ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ láti mú ọ̀daràn náà ni kí wọ́n yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n yọ tí ohùn ẹ́ńjìnì lọ sílẹ̀, tí mọ́tò fẹ́ kú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Èyí tí wọ́n yọ tí nǹkan kan kò yí padà, òun ni. Àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lára Peugeot 504, tí wọ́n tò jọ ní ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, kò nílò ju etí lọ fún èyí. Àmọ́ iná inú wáyà náà lè ju 20,000 fóltì lọ. Ó sàn kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì ná, kí wọ́n yọ wáyà kan, kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnì, kí wọ́n tó tún ṣáná sí mọ́tò. Fún àwọn tòkunbọ̀ tí kọ́ìlì wà lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, bíi Toyota Corolla ọdún 2003, wáyà kékeré ẹ̀yìn injẹ́tọ̀ ni kí wọ́n máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọgbọ́n kan tún wà fún ibi tí kò sí irinṣẹ́. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù pátápátá, kí wọ́n ṣáná sí i fún bí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n wá kán omi sórí ẹnu irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnì. Lórí mẹ́ta, omi á hó, á sì gbẹ. Lórí ìkẹrin, á kàn máa ṣàn wálẹ̀ ni, nítorí sìlíńdà tí kò jó epo kò ní gbóná. Kíkán ni o, kì í ṣe dídà: irin gbígbóná tí wọ́n bá da omi tútù lé lè sán.

Nígbà tí wọ́n bá ti mọ sìlíńdà náà, nǹkan mẹ́ta ló kù láti yẹ̀ wò: iná, epo, àti agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kọ̀mpíréṣọ̀n. Iná ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù. Púlọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí epo rin kò rí iná jó o. Èyí tí ọ́ìlì bò ń tọ́ka sí ríìngì písítìnì tàbí fáàfù tó ti jẹ. Èyí tó mọ́ tónítóní bí ẹni fi omi fọ̀ ọ́, nígbà tí àwọn yòókù pọ́n, ló yẹ kó ba onímọ́tò lẹ́rù, nítorí ó ṣeé ṣe kí omi radiétọ̀ ti máa wọ inú sìlíńdà náà.

Kí wọ́n má tíì ra nǹkan kan. Bí sìlíńdà kẹta ló kú, kí wọ́n gbé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sí èkejì, kí ti èkejì bọ́ síbẹ̀. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé e lọ, púlọ́ọ̀gì ni. Bí kò bá tẹ̀lé e, kí wọ́n ṣe bákan náà fún kọ́ìlì tàbí wáyà. Ní Araromi ní Gate, Ìbàdàn, ẹni tó ti ṣe èyí á ra kọ́ìlì kan. Ẹni tí kò ṣe é á ra mẹ́rin. Bí iná bá pé, kí wọ́n gbé ẹnu sukudíráfà gígùn lé injẹ́tọ̀, kí wọ́n fi etí kan ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tó ń ṣiṣẹ́ á máa dún ta-ta-ta. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, kí wọ́n yẹ wáyà rẹ̀ wò kí wọ́n tó dá a lẹ́bi, pàápàá lára mọ́tò tó ti pẹ́ níbi tí koríko wà, nítorí eku fẹ́ràn láti máa gé wáyà jẹ.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò ti gba gbogbo wàhálà yìí kúrò. Òótọ́ ni pé láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí mọ́tò tuntun máa fi nọ́ńbà sọ àìsàn ara rẹ̀, pé P0303 sì ń sọ pé sìlíńdà kẹta ń mísì. Ṣùgbọ́n kò sọ pé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ló bàjẹ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, Toyota ń ka sìlíńdà láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, Peugeot 504 ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ gíà. Mẹkáníìkì tó bá gbàgbé èyí á tú èyí tó ń ṣiṣẹ́, á fi èyí tó kú sílẹ̀.

Bí iná àti epo bá pé, ó di ọ̀rọ̀ gééjì kọ̀mpíréṣọ̀n. Bí sìlíńdà kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù, kí wọ́n da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú rẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Bí agbára bá gòkè, ríìngì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá rẹlẹ̀ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó láàárín wọn.

Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, tí omi rẹ̀ ń dín kù, tí èéfín funfun sì ń jáde, kò gbọ́dọ̀ kọjá Ìsẹ́yìn. Ooru lè tẹ tọ́ọ̀pù sìlíńdà wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì ní dí ojú irin tó ti wọ́. Wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá sì ń dè é padà, láti àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa bọ̀ sí etí díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.