Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí Ugbebor àti Ìṣirò Ìṣeéṣe: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti gbà pé àìdánilójú jẹ́ ara ayé. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tó ń wọn àìdánilójú ni ìṣirò ìṣeéṣe. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, orí jíju owó ẹyọ àti ọmọ ayò lúdò ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ a wá máa rò pé ẹ̀kọ́ tẹ́tẹ́ lásán ni. Iṣẹ́ yìí gbé ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí Ugbebor yẹ̀ wò láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀

Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1951. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun nìkan ni obìnrin láàrin àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò nígbà tirẹ̀. Ó gboyè níbẹ̀. Ní 1976, lẹ́ni ọdún 25, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Nàìjíríà.

Ìrìn Brown

Ohun tó kọ́kọ́ gbájú mọ́ ni ìrìn Brown. Ní 1827, Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, rí i pé àwọn èérún tíntìntín láti inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó kì í dúró sójú kan nínú omi. Ní 1905, Albert Einstein ṣàlàyé pé àwọn mólékù omi ló ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Norbert Wiener ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1923.

Àpẹẹrẹ kan láti Ṣàngó Toll Gate, níbi tí orúkọ ibodè ṣì wà bí wọn kò tilẹ̀ gba owó ibodè níbẹ̀ mọ́, lè mú un yéni. Ọmọ tó ń kiri omi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ a máa lọ síbi tí wọ́n bá ti pè é, yálà iwájú tàbí ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí yóò wà lẹ́yìn wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí ìṣísẹ̀ kan kò bá gbára lé èkejì, ó ṣeé ṣírò bí yóò ti jìnnà tó sí ibi tó ti gbéra: bí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni ìwọ̀n ìjìnnà náà yóò dà. Òfin wà nínú ohun tó jọ rúdurùdu.

Ipa ọ̀nà ìrìn Brown kò já níbì kankan, síbẹ̀ gígùn rẹ̀ kò lópin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín in sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ìyípadà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí wọ́n tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ náà a máa súnmọ́ iye tó lópin. Irú ìwọ̀n ìyípadà báyìí ni àpilẹ̀kọ Ugbebor tó jáde ní 1980 dá lé.

Láti Ìbàdàn dé Ọ̀tà

Louis Bachelier ti fi irú ìrìn yìí ṣàlàyé iye owó lọ́jà ìdókòwò Paris ní 1900. Ní 1973, Fischer Black àti Myron Scholes gbé ìlànà kan jáde fún ṣíṣírò iye tó yẹ kí ènìyàn san fún ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ìdókòwò lọ́jọ́ iwájú. Ní 2015, Ugbebor àti àwọn olùwádìí ní Covenant University, Ọ̀tà, tẹ ọ̀nà kan láti yanjú ìṣirò Black àti Scholes jáde nínú jọ́nà Entropy.

Orúkọ jọ́nà náà so mọ́ tíọ́rì ìfitónilétí tí Claude Shannon dá sílẹ̀ ní 1948. Nínú tíọ́rì yìí, entropy ni ìwọ̀n àìdánilójú. Bí gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Toll Gate bá ń lọ sí Ìyánà-Ìpájà, igbe kọ̀ńdọ́ kò sọ ohun tuntun kan fún èrò; bí ibi tí wọ́n ń lọ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni igbe náà ṣe níye lórí tó.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tó hàn gbangba ni pé ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ lórí ìrìn tí kò ní ìlànà lójú wá wúlò fún ètò ìṣúná. Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń dúró de ọkọ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì fi ṣírò ìṣeéṣe. Ó tún yẹ kí ọmọbìnrin tó bá dá nìkan wà láàrin ọkùnrin ní kíláàsì ìṣirò gbọ́ orúkọ Ugbebor lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ẹnìkan ti gba ọ̀nà náà kọjá rí.