Adìyẹ Yìí, Ilẹ̀ Ibo Ló Ti Wá?

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Lèma, lórí orúkọ orílẹ̀-èdè tó yẹ kó wà lára oúnjẹ

Ẹran màlúù tí alápatà pa lówùúrọ̀ kò nílò ìwé kí a tó mọ ibi tó ti wá. Ẹ bi alápatà léèrè, yóò dárúkọ Fúlàní tó tà á fún un. Adìyẹ oníyìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Orí òkun ló gbà dé èbúté Kútọnu, kí wọ́n tó tún fi ọkọ̀ gbé e rin nǹkan bí kìlómítà 200 dé Dassa. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ páálí rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin ìyá tó ń tajà, ẹ̀yin tó ń se oúnjẹ tà, àti gbogbo ẹni tó ń ra ẹran fún ilé.

Bí a ṣe ń ka páálí

Èdè Faransé ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wá “ORIGINE” tàbí “PRODUIT DE”. Orúkọ tó bá tẹ̀ lé e ni ilẹ̀ tí ẹran náà ti wá. “IMPORTÉ PAR” yàtọ̀. Oníṣòwò tó kó o wọlé ni ìyẹn ń sọ. Ẹni tó bá rí Kútọnu lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, kó má ṣe rò pé Kútọnu ni wọ́n ti sin adìyẹ náà.

Ẹran tó ti Yúróòpù wá ní àmì kan tó rí roboto gbọọrọ. Lẹ́tà ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀: FR fún Faransé, NL fún Nẹ́dálándì, BE fún Bẹ́ljíọ̀mù, PL fún Pólándì, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí tó dì í. Ti Bràsíl ní “S.I.F.” àti nọ́ńbà ilé ìpẹran. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ojú dá àwọn àmì wọ̀nyí mọ̀, tàbí kó pe ọmọ tó ń lọ sílé ìwé wá kà á.

Àwọn kan gbà pé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àmì onílà dúdú ló ń sọ ibi tí ọjà ti wá. Ẹ má gbára lé e. Ibi tí ilé iṣẹ́ ti gba àmì náà ló ń tọ́ka sí, ilé iṣẹ́ ọ̀hún sì lè ṣe ọjà rẹ̀ níbòmíràn.

Ìdí tí orúkọ yìí fi ṣe pàtàkì

Ní 1999, májèlé dioxin wọ inú oúnjẹ adìyẹ ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì dá adìyẹ àti ẹyin wọn dúró. Ní 2008, wàrà tí wọ́n fi kẹ́míkà melamine lú ní Ṣáínà pa ọmọ ọwọ́ 6, nǹkan bí 300,000 sì ṣàìsàn. Ní oṣù kẹta 2017, ọlọ́pàá Bràsíl tú àṣírí àwọn aṣàyẹ̀wò tó ń gba rìbá kí ẹran tí kò dáa lè kọjá. Nígbà tí rédíò bá kéde irú nǹkan báyìí, ẹni tó mọ orúkọ ilẹ̀ tí ẹran rẹ̀ ti wá yóò yọ èyí tó léwu sọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, yálà kó da gbogbo rẹ̀ nù, tàbí kó jẹ gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni ewu ti ń wá. Àrùn àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 wọ Nàìjíríà ní 2006, ó sì dé ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀ ní 2007. Orúkọ tó hàn kedere ń gba àwọn tó ń sin adìyẹ níbi tí àrùn kò dé lọ́wọ́ ìfura tí kò tọ́ sí wọn.

Ẹ̀tọ́ yín ni

Òfin 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2007, tó ń dáàbò bo ẹni tó ń rajà ní Bẹ̀nẹ̀, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ ń rà. Ìlànà Codex, tí àjọ FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ní kí orúkọ ilẹ̀ wà lára oúnjẹ tí a ti dì bí àìsí rẹ̀ bá lè tan ẹni tó ń rà á jẹ. Ní Yúróòpù, àrùn tó ń ya màlúù ní wèrè ló mú wọn sọ ọ́ di dandan fún ẹran màlúù ní 2000. Ó kan adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn àti ewúrẹ́ ní oṣù kẹrin 2015. Amẹ́ríkà yọ màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú irú òfin yìí ní ìparí ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí Kánádà àti Mẹ́síkò pè é lẹ́jọ́ ní àjọ ìṣòwò àgbáyé. Lójú tiwa, ẹni tó ń jẹun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò.

Ibi tí orúkọ ti ń sọnù

Ibi tí wọ́n ti ń ṣí páálí ni. Ẹran á di kílò kílò, á wọ inú ọ̀rá dúdú, páálí á sì lọ dáná tàbí kó di ohun tí a fi ń ru tòmátì. Kò sí òfin tó lè dé Lèma bí orúkọ náà bá kú sójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìyá olówò, a bẹ̀ yín: ẹ gé ibi tí orúkọ ilẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà lára páálí, kí ẹ so ó mọ́ ara fírísà títí ẹran ibẹ̀ yóò fi tán. Ẹ má ṣe da ẹran ilẹ̀ méjì pọ̀, ẹ má sì kó ẹran tuntun sínú páálí àná. Ẹ̀yin tó ń rà, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, páálí rẹ̀ dà?” Bí ìyá náà kò bá rí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìrẹsì náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹni tó bá da ìrẹsì òkèèrè sínú àpò ìrẹsì Glazoué ń tan ẹni tó ń rà á jẹ, ó sì ń gba ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa.

Orúkọ ilẹ̀ kò sọ bóyá ẹran ti yọ́ lọ́nà kó tó tún dì. Òtútù -18°C ló yẹ kó wà láti èbúté dé fírísà. Bí omi pupa bá ti dì sí ìdí ọ̀rá, tàbí tí òórùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ má rà á, ilẹ̀ yòówù kó ti wá.

Ẹni tó bá se ẹran oníyìnyín fún ìnáwó, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, kó tọ́jú páálí náà fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú àwọn tó jẹun níbẹ̀, ẹ tètè gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn wa, kí ẹ mú páálí náà dání. Nọ́ńbà ara rẹ̀ la ó fi ránṣẹ́ sí ABSSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n lè wá páálí yòókù tó bá a wọlé kí ẹlòmíràn tó jẹ ẹ́.